Ọkọ̀ Tó Ní Òjò Ò Tíì Rọ̀

Àkọ́rọ̀ òjò ń na Bàbá Mopé létí ọ̀sà bí ẹni ń na olè, síbẹ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́rọ rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn kọ̀ láti gbéra.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ọkọ̀ náà wí. "Òfin ní ká má pẹja nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjọba ò sì tíì kéde òjò."

"Kí wá ni èyí tó ń ṣàn wọ̀ mí lójú? Itọ́ rẹ ni?"

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá."

Sùúrù tí Bàbá Mopé ní láyé kò kún ṣíbí. Lọ́la ni wọn yóò sọ ọmọ Mopé lórúkọ, òun bàbá àgbà ló sì gbọ́dọ̀ mú ẹja àrọ̀ wá. Àkọ́rọ̀ òjò nìkan ló ń lé àrọ̀ wá sétí omi. Bílẹ̀ bá fi ṣú, wọ́n ti padà sí ibú nìyẹn.

Ó padà sílé, ó wọ́ ọkọ̀ onígi bàbá rẹ̀, tí ìyàwó òun fúnra rẹ̀ ti sọ di ebè ẹ̀fọ́, jáde lẹ́yìn ilé, ó sì da erùpẹ̀ inú rẹ̀ nù tẹ̀fọ́tẹ̀fọ́.

"Ẹ̀fọ́ mi!" Ìyàwó rẹ̀ figbe ta. "Bàbá Mopé, ṣé orí yín pé?"

"Ṣé ẹ̀fọ́ la fi ń sọmọ lórúkọ?"

Ó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ. Nígbà tó fi máa padà pẹ̀lú àrọ̀ méjì tó ń ṣe ràpàràpà nínú agbọ̀n, omi òjò ti kún ọkọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ náà dé etí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́n omi. Mò ń rì!"

Bàbá Mopé rọra jókòó sí bèbè, ó nu ojú rẹ̀.

"Omi wo? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí? Ní sùúrù. Wọn ò tíì kéde rẹ̀."