Ojú Òsì Ọkọ̀ Wistin

Akunkọ̀, ẹni tó ń kun ojú sára ọkọ̀ àwọn apẹja, ń kun ojú kejì sára ọkọ̀ ìṣeré tí àlejò kan fẹ́ rà nígbà tí Sidora, ìyàwó Wistin apẹja, já wọlé.

“Bàbá, kùrukùru ti bo òkun! Gbogbo ọkọ̀ ti wọlé, àfi ti Wistin!”

Àyà akunkọ̀ já. Iṣẹ́ ọkọ̀ ìṣeré tí àwọn àlejò ń rà ni kò jẹ́ kó tún ojú òsì tó ti bó lára ọkọ̀ Wistin kùn, bẹ́ẹ̀ apẹja kan kì í gbé ọkọ̀ olójú kan wọ òkun, torí wọ́n gbà pé ojú méjèèjì ló ń ṣọ́ ọkọ̀ lójú omi.

“Sidora, ẹ̀bi yìí...”

“Èmi ni mo jẹ̀bi, Bàbá! Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi bi mí bóyá ẹ ti kun ojú náà. Torí kó lè tètè lọ, mo parọ́ pé ẹ ti kùn ún.”

Ara akunkọ̀ fúyẹ́.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” ló wí.

Ó sì da àkísà bo ojú ọkọ̀ ìṣeré tó ń wò ó.