Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tí Ìbírónkẹ́ Bẹnu Àtẹ́ Lù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìbírónkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú Adéoyè ọkọ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó lawọ́, ó sì kóni mọ́ra. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò lè yin ohun tó wà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Láti kékeré ló ti gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan ní pọ́ọ́kú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹnu àtẹ́ lù ú. Bí tòmátì pọ́n dáadáa, á ní ó ti ń rà. Bí aṣọ tuntun ni, á ní ó ti ṣá. Àwọn ọlọ́jà wa nílé mọ̀ pé eré ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bú u padà, wọ́n á sì dín owó kù fún un.

Ní gbogbo Sátidé, tọkọtaya yìí a máa wa ọkọ̀ jáde lọ gbafẹ́. Wọ́n á gba ọ̀nà tóóró láàárín oko àjàrà, wọ́n á jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì létí odò, wọ́n á sì yà sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun àtijọ́: aago ògiri, àwo tánganran, fìtílà ayé ọjọ́un. Adéoyè ń ṣe fàájì tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbírónkẹ́ ń wá nǹkan. Nígbà tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ní girama, ìyá rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ń fọwọ́ yí, kí ọmọ lè rí owó ìdánwò san. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn jù láyé, kò sì ní ẹ̀rọ mìíràn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìbírónkẹ́ pinnu pé òun á rí irú rẹ̀ gan-an, èyí tí wọ́n ya ẹyẹ aláwọ̀ wúrà sí lára, òun á sì fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá òun nígbà tí ìyá bá pé ọgọ́rin ọdún. Ọdún mẹ́ta ló fi wá a.

Ó rí i ní abúlé kan, ní ṣọ́ọ̀bù bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Mùsíọ̀ Benuwá, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Benuwá. Ẹyẹ wúrà náà nìyẹn lóòótọ́! Ó yẹ kó kí bàbá, kó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti mọ́ ọn lára ti sáré ṣíwájú rẹ̀.

“Bàbá, irin tó ti dípẹtà wo lẹ gbé kalẹ̀ yìí?” ló wí ní èdè Faransé. “Ta ló fẹ́ fi èyí ránṣọ? Ẹni tó lò ó kò tilẹ̀ mọ ìtọ́jú. Ẹ tà á fún mi ní ìdajì, kí n bá yín palẹ̀ rẹ̀ mọ́.”

Ó ń retí kí bàbá rẹ́rìn-ín, kó bú òun padà. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó mú aṣọ kan, ó fi bo ẹ̀rọ náà.

“Ìyàwó mi ló lò ó,” ló wí. “Ogójì ọdún ló fi tọ́jú rẹ̀ kó tó kú. Mi ò tà á mọ́, màdáàmù. Ó dàbọ̀.”

Nígbà tí wọ́n dé etí odò, Ìbírónkẹ́ gbé búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

“A ó rí òmíràn,” ni Adéoyè ń fi tù ú nínú.

“Kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan,” ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. “Mo bú òkú lójú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.” Ó dìde, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù náà.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu ọ̀nà ló ti kí bàbá, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. Jìnnìjìnnì bá bàbá. Ó rò pé obìnrin náà ṣubú ni, ó sì gbé àga sáré wá.

“Mi ò ṣubú, bàbá. Bí a ṣe ń bẹ àgbà nílé wa nìyí. Irọ́ ni mo pa lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ yìí dára púpọ̀, ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ló sì tọ́jú rẹ̀. Irú rẹ̀ ni màámi tà kí n lè kàwé. Mi ò ní kí ẹ tà á fún mi. Ẹ ṣáà dárí jì mí.”

 Bàbá ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tí àpò rẹ̀ ti ya, ó sì nà án sí i. Ìbírónkẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó yí ẹ̀rọ, ó rán àpò náà. Bàbá di ojú, ó ń gbọ́ ìró tí kò gbọ́ láti ọdún méje. Iye tó kọ sára ẹ̀rọ náà ló tà á, kò dín kọ́bọ̀, Ìbírónkẹ́ náà kò sì ná an. Ṣùgbọ́n bàbá fi agolo abẹ́rẹ́ ìyàwó rẹ̀ lé e lórí. Ó ní ìyẹn kì í ṣe títà, ẹ̀bùn ni.

Mo wà nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkirè lọ́jọ́ tí Ìbírónkẹ́ gbé ẹ̀rọ náà dé fún ọgọ́rin ọdún ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ pa ẹyẹ wúrà náà lára, ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ díẹ̀, ó sì bi ọmọ rẹ̀ léèrè ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ìbírónkẹ́ sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìwà ara rẹ̀ pamọ́. Ìyá kò bá a wí. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà, ó ní, “Ìyá Faransé, a ò mọra wa rí. Ẹ ṣé o, tí ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀.” Gbogbo wa sunkún, èmi gan-an sunkún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó bẹnu àtẹ́ lu ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ rántí pé ẹnìkan ló tọ́jú rẹ̀ kó tó kàn yín. Ẹ máa kọ́kọ́ dúpẹ́, kí ẹ tó dúnàádúrà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó.