Ilé Ìjọsìn Tí Pásítọ̀ Misael Kọ́ Nígbà Òṣùpá Tútù

Ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o. Ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn yìí tán fúnra yín, lẹ́yìn náà lẹ máa mọ ẹni tó yẹ kó kà á. Mo mọ gbogbo àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ ní Santa Rufina, létí odò Paranapura, nínú igbó Peru. Inú ṣì ń bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n màá rọra sọ ọ́.

1. Misael Inuma ni pásítọ̀ wa. Ọmọ ẹ̀yà Shawi ni bíi tiwa, ó láàánú, ohùn orin ẹ̀ sì dùn. Àléébù ẹ̀ kan ni pé tí àlejò bá ti dé, ojú àlejò ló máa ń wò kó tó lanu. Zoila ni ìyàwó ẹ̀. Bàbá Zoila, Artidoro Lancha, ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé abúlé wa, ó sì ti ṣe ìrìbọmi kí wọ́n tó bí Misael rárá.

Lọ́dún kan, ìjọ kan láti òkè òkun kọ̀wé pé àwọn mọ́kànlá ń bọ̀ wá fi ọjọ́ mẹ́sàn-án bá wa kọ́ ilé ìjọsìn. Inú gbogbo wa dùn dẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin ro ọ̀nà, àwọn obìnrin se omi ẹ̀gẹ́ dídùn sílẹ̀ dè wọ́n.

2. Ọjọ́ táwọn àlejò gúnlẹ̀, òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni. Òṣùpá tútù là ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń gé igi ilé tàbí imọ̀ ọ̀pẹ nígbà yẹn lọ́dọ̀ wa, torí omi kún inú igi, kòkòrò ò ní jẹ́ kó pẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní sùúrù ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀, tẹ́ ẹ gé igi kan náà, ọmọ-ọmọ yín á bá a níbẹ̀.

Artidoro pe ọkọ ọmọ ẹ̀ sẹ́yìn ilé.

"Misael, ṣé o rí òṣùpá?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Kí wá ni àáké ń ṣe lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin yẹn?"

"Bàbá, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n ní. Ṣé kí n ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa wo ojú ọ̀run ni?"

"Jẹ́ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ lórin. Tí òṣùpá bá ti ń dín kù, àwa fúnra wa á kọ́lé náà. Orí ọmọ mi ni òrùlé yẹn máa wà o. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Irọ́ ni. Kò gbọ́ nǹkan kan.

3. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Curtis, olórí àwọn àlejò, wá bá Misael fúnra ẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, oòrùn ti bó imú ẹ̀.

"Pásítọ̀, mo gbọ́ pé bàbá kan ní ká má gé igi báyìí. Ẹ̀yin lẹ mọ igbó yín. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a lè ṣe iṣẹ́ mìíràn, ká fi irinṣẹ́ sílẹ̀ fún yín. Kò burú rárá."

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rí i báyìí? Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí Misael sọ! Ṣùgbọ́n ó rò ó pé wọ́n á ní pásítọ̀ wo ló ń wo òṣùpá, wọ́n á sì kó iṣẹ́ náà lọ sí abúlé kejì. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má dá wọn lóhùn, Arákùnrin Curtis. Àwọn àgbà kan ò tíì kúrò nínú ìbọ̀rìṣà tán. Jésù ló ni òṣùpá."

Artidoro dúró níbẹ̀, ó sì gbọ́ èdè Sípáníìṣì tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó dé fìlà ẹ̀, ó gbé àáké ẹ̀, ó lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, kò wá sí ìsìn mọ́.

Zoila sunkún títí. "O pe bàbá mi ní kèfèrí lójú àlejò!"

"Mi ò pè é bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá pè é?"

Ọkọ ẹ̀ jáde lọ bá àwọn àlejò.

4. A gé igi nínú òṣùpá tútù náà, a sì bo òrùlé lọ́jọ́ keje. Ó rẹwà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, èmi náà jó. A ya fọ́tò, a dì mọ́ra, àwọn àlejò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ.

Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n lọ, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dà láti inú igi òrùlé sórí àga. Misael á tètè dé, á gbá a kúrò kí ìjọ tó wọlé. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, tẹ́ ẹ bá gbé etí lé òpó, ẹ máa gbọ́ bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ́. Mo sọ fún un.

"Pásítọ̀, ẹ jẹ́ ká tú ilé yìí palẹ̀."

"Kí la máa sọ fún àwọn tó kọ́ ọ?"

Ẹ gbọ́ ohun tó ń dùn ún!

5. Ní oṣù kọkànlá, lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀ kan, kò sí òjò, kò sí atẹ́gùn. Zoila wọlé lọ gbálẹ̀. Igi tó gbé òrùlé dúró kán, ó sì já lù ú ní ìbàdí.

Ọjọ́ kan ààbọ̀ la lò lórí omi ká tó dé ọsibítù. Bàbá ẹ̀ ló gbé orí ẹ̀ lé itan. Misael ń sunkún ní iwájú ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà sọ pé ẹ ti sọ fún mi."

"Gbọ́n omi inú ọkọ̀," ni gbogbo ohun tí bàbá náà sọ.

Zoila ò kú, a dúpẹ́. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn báyìí, kò sì lè dé oko mọ́. Bàbá ẹ̀ ti kọ́ ilé ìjọsìn mìíràn nígbà tí òṣùpá ń dín kù.

Lẹ́yìn náà ni Misael kọ lẹ́tà sí Curtis, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Èsì dé, ó gbé e fún mi kí n kà á. Curtis tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Zoila, ó ní àwọn ń gbàdúrà fún un. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni Misael ò lè kà lẹ́ẹ̀mejì: "Pásítọ̀, ṣebí a bi yín léèrè."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín. Tí àlejò bá bi yín ní òótọ́ ilé yín, ẹ sọ ọ́ fún un. Ẹ má fi ojú àgbà yín gbolẹ̀ kẹ́ ẹ lè dára lójú ẹni tó máa lọ lọ́jọ́ kẹsàn-án. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ má gbá a kúrò kí ìjọ tó dé. Ẹ pariwo, kẹ́ ẹ jẹ́ kí èèyàn jáde lábẹ́ ẹ̀ kó tó wó.