Orúkọ Tí Ọ́fíìsì Kọ̀

Mo kí yín o, ẹ̀yin ará. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá wa sí.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Àgbà gbé ọmọ dání, oyin wà nínú àwo. Fóònù ni gbogbo wa ń wò, nítorí ọ́fíìsì tó ń pín orúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí orúkọ ọmọ.

Fóònù dáhùn: "Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ti gba Ìbíwùmí. Ẹ pè é ní Ìbíwùmí Ogójì."

Ìyá Àgbà pòṣé. "Ogójì kẹ̀? Ṣé ewúrẹ́ ni? Ìríra gbáà! Ta ló fi wọ́n jọba lórí orúkọ?"

"Màmá, bí a bá kọ̀, wọn ò ní fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára o," ni bàbá ọmọ wí.

Ìyá Àgbà ti fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu. "Ìbíwùmí!"

Bàbá ọmọ náà pè é pẹ̀lú omi lójú.

Ọlọ́run tó mọ̀ yín lórúkọ kò ní jẹ́ kí ayé fi nọ́ńbà pè yín.