Kùnú Inú Kẹ́ẹ̀gì Gàníyátù

Gàníyátù kì í pe ohun tó bá wù ú ní orúkọ rẹ̀. Bí ó bá sùn di ọ̀sán, á ní ojú lòun ń sinmi. Bí ó bá parọ́, á ní òun kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ di wàhálà ni. A fi ìwà yìí rẹ́rìn-ín títí, àfi ìgbà tí ó lóyún.

Lọ́dún 1983, Wuye ni òun àti Sàkáríyà ọkọ rẹ̀ ń gbé, nínú yàrá kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Gwárí. Birikilà ni Sàkáríyà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ó wà lára àwọn tó ń kọ́ olú-ìlú tuntun. Gàníyátù ń ránṣọ ní tirẹ̀. Katapílà kì í jẹ́ kí etí sinmi níbẹ̀. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti máa fọ́ àpáta, eruku á bo maṣínnì, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Á rán ìlà kan, á dìde lọ wo títì, á padà wá tú ohun tó rán. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń sunkún ọmọ. Nígbà tí oyún wá dúró, ẹ̀rù pé kí ó má bàjẹ́ kò jẹ́ kí ó lè sùn mọ́.

Ọ̀dọ̀ obìnrin Gwárí kan tó ń ta bùrùkùtù lẹ́bàá ọ̀nà ni ó ti rí ìsinmi. Ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pọn bùrùkùtù. Ó mu igbá kan, ara rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Láti ọjọ́ náà, kẹ́ẹ̀gì kékeré ló ń gbé lọ síbẹ̀. Mùsùlùmí ni Gàníyátù o! Kò jẹ́ fẹnu kan bíà, a sì máa yínmú sí àwọn ọ̀mùtí. Ti inú ìgò nìkan ló kà sí ọtí.

Sàkáríyà ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí kẹ́ẹ̀gì.

"Kí ló wà nínú èyí?"

"Kùnú ni."

Ọkà bàbà náà ni wọ́n fi ń ṣe kùnú, ṣùgbọ́n kùnú kì í pani bí ọtí, òun làwọn Hausa fi ń ṣínu nínú ààwẹ̀. Sàkáríyà kò béèrè mọ́.

Àlímátù kò gbà bẹ́ẹ̀. Ará Ìlọrin ni, ìyàwó káfíńtà tó ń gbé yàrá kejì, òun náà sì lóyún. Ó gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì, ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Gàníyátù, ọtí nìyí."

"Ọkà bàbà ni. Ṣé ọkà bàbà ò dára fún aboyún ni?"

"Oyún tí o fi omijé wá yìí!"

"Kai, Àlímátù, ẹjọ́ rẹ ti pọ̀ jù."

Àwọn méjèèjì jọ lọ sí kíníkì. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ọ̀fà, kìlọ̀ fún gbogbo aboyún pé kí wọ́n má fẹnu kan ọtí, ì báà kéré, àti pé bí wọ́n bá bímọ tán, ọtí tí ìyá bá mu a máa bá ọmú wọ inú ọmọ. Gàníyátù nawọ́ sókè.

"Nọ́ọ̀sì, kùnú ńkọ́?"

"Kùnú dára, màmá. Oúnjẹ ni. Ẹ máa mu ún dáadáa."

Inú máa ń bí mi bí mo bá dé ibí yìí. Obìnrin yìí parọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbà á là, ó wá gbé èsì irọ́ náà délé, ó ń fi yangàn. "Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa mu ún!" Ohun tó ń sọ fún Àlímátù nìyẹn, tòun ti igbá lọ́wọ́.

Ó bí Mùíbì. Ọmọ náà kéré, ó rí tín-ín-rín. Wọ́n ní bùrùkùtù a máa jẹ́ kí ọmú sun dáadáa, ló bá fi kún un. Bí ọmọ bá ti mu ọmú tán, á sùn fọnfọn. Nígbà tí ọmọ Àlímátù ń ké, Gàníyátù á ní, "Tèmi kì í da èèyàn láàmú." Kò mọ̀ pé ọtí ló ń pa ọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti ọmú bọ Mùíbì lẹ́nu, ọmọ kò mu ún. Ó gbọ̀n ọ́n, kò lajú. Òun àti Sàkáríyà sáré gbé e dé ọsibítù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí ìdí rẹ̀, ó wá ní òun máa gún un ní ẹ̀yìn láti fa omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó béèrè ohun tí ìyá ń mu.

"Kùnú nìkan ni, Dókítà," ni Sàkáríyà dáhùn. "Ìyàwó mi kì í mu ohun èèwọ̀."

Gàníyátù rí abẹ́rẹ́ gígùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó di ọwọ́ Dókítà mú.

"Ẹ dúró! Kì í ṣe kùnú. Bùrùkùtù ni. Ọtí ni."

Sàkáríyà yíjú sí i. "Láti ìgbà wo?"

"Láti inú oyún."

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀, ó sì tọ́jú ọmọ. Ìtìjú ibẹ̀ kò kúrò lójú Sàkáríyà títí wọ́n fi délé.

Mùíbì kò kú, ṣùgbọ́n ohun tí ọtí ti bà jẹ́ láti inú oyún kò ṣeé tún ṣe. Nígbà tí ọmọ Àlímátù ń ka Fátíhà, Mùíbì kò rántí orúkọ bàbá rẹ̀. Àfáà dá a padà láti ilé kéwú, ó ní kò lè jókòó. Lóòótọ́ ni, kò lè jókòó. Bí ìyá rẹ̀ bá ń ránṣọ, á fi ọ̀já so ó mọ́ ẹsẹ̀ maṣínnì kí ó má baà sáré bọ́ síwájú típà. Gàníyátù tó mutí kí ara rẹ̀ lè balẹ̀ kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́. Sàkáríyà kò lé e. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ó bá gbé omi fún ọkọ rẹ̀, Sàkáríyà á kọ́kọ́ gbóòórùn omi náà lójú Gàníyátù kí ó tó mu ún.

Ẹ̀yin aboyún àti ìyá ọlọ́mọ, ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí. Bùrùkùtù, ẹmu, bíà, àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, ọtí ni gbogbo wọn, orúkọ tí a bá fún wọn kò yí ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ padà. Ẹ má gba ẹni tó ní wọ́n ń mú ọmú sun gbọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá sì béèrè ohun tí ẹ ń mu, òótọ́ ni kí ẹ sọ, nítorí ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ni yóò jìyà irọ́ yín.