Ìyàwó Olórin Kò Padà Wálé

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Tíṣà Moróunfólú máa ń ka ìtàn Gíríìsì àtijọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, àmọ́ ohun tó bá kà kọ́ ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ̀rọ tí òfin ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi sétí máa ń yọ ikú kúrò nínú gbogbo ìtàn kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ náà, ó ka ìtàn olórin kan tó tọ ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Bó ti parí, Ìbídùn, tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nawọ́ sókè tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀nà wo ni ìyàwó yẹn gbà wálé? Mo fẹ́ lọ dúró de màmá mi níbẹ̀."

Tíṣà rìn lọ bá a. Ó kúnlẹ̀, ó sì yọ ẹ̀rọ náà kúrò létí ọmọ. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni aago ìkìlọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Kò wálé, ọmọ mi. Wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ má bojú wẹ̀yìn, ó bojú wẹ̀yìn, ìlú òkú sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Màmá rẹ náà ò ní padà."

Ìbídùn bú sẹ́kún, ẹkún tí kò tíì sun látọjọ́ ìsìnkú. Tíṣà ṣì gbá a mọ́ra nígbà tí àwọn agbófinró ṣílẹ̀kùn wọlé.