Àpò Òfìfo Tí Ìjọba Kò Pín Mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá pa á tì. Ẹ kà á tán, torí inú ń bí mi, ó sì yẹ kó bí ẹ̀yin náà.

Ní abúlé wa ní ìpínlẹ̀ Punjab, ìjọba ló máa ń ra àlìkámà wa. Wọ́n á kọ́kọ́ pín àpò òfìfo tá a máa kó o sí. Ẹni tó bá ti gba àpò, ọkà rẹ̀ ti tà nìyẹn. Opó kan wà tó ń jẹ́ Zohran, ilẹ̀ tó háyà ló ń dáko sí. Bí kò bá rówó ilẹ̀ san lẹ́yìn ìkórè, onílẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkórè dé. Tufail, oníṣòwò ọkà, wá bá a. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tà á fún mi. Owó mi ò pọ̀, àmọ́ ó wà lọ́wọ́."

Ni Mansab, baálẹ̀ wa, bá já lu ọ̀rọ̀. "Gbéra ńlẹ̀ jàre, ọ̀kánjúwà! Zohran, má dá a lóhùn. Mo ti bá ìjọba sọ̀rọ̀, àpò ń bọ̀."

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ṣé mo ti parọ́ fún ọ rí?"

Irọ́ ló ń pa lọ́wọ́ yẹn! Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ò mọ nǹkan kan.

Zohran gbà á gbọ́, kò ta ọkà rẹ̀. Àpò ò dé. Mansab gba ọ́fíìsì ìjọba lọ nílùú, ó ṣí láwàní orí rẹ̀, ó gbé e síbi ẹsẹ̀ ọ̀gá. Láàárín wa, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó jùyẹn lọ.

"Bàbá, ẹ dìde. Àwọn tó ń yá ìjọba lówó lókèèrè ló ní ká má ra ọkà mọ́. Ìjọba ti buwọ́ lù ú kẹ́ ẹ tó gbìn."

"Ká tó gbìn? Ẹ ò sì sọ fún wa?"

Ọ̀gá gbé láwàní náà lé e lọ́wọ́ pa dà.

Ẹ gbọ́ o! Àwọn tí ò gbin hóró kan rí ló jókòó pinnu ohun tí opó máa jẹ. Àwọn olóṣèlú wa tó ná owó tí wọ́n yá ní ìnákúnàá dọ̀bálẹ̀ fún wọn, wọ́n sì panu mọ́. Ojú ò tì wọ́n!

Òjò rọ̀. Ọkà Zohran tó wà ní gbangba bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ó sáré lọ bá Tufail.

"Èyí tó ti hù? Ẹ dà á fádìẹ."

Onílẹ̀ gba ilẹ̀ rẹ̀. Lórí oko yẹn kan náà ni Zohran ti ń bá ẹlòmíì ro koríko báyìí, kó lè rówó ra búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kan, Mansab fẹ́ yà bàrà nígbà tó rí i.

"Bàbá, ẹ má sá. Ká ní ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ni, ǹ bá ti tà á fún Tufail."

Àgbàlagbà náà bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ ṣọ́ra! Ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀. Kí ìjọba tó buwọ́ lùwé fáwọn ayánilówó, ẹ bi wọ́n pé oúnjẹ ta ni wọ́n fi dógò. Ẹni tó bá ní òun máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.